Ẹ̀rí Mi Lẹ́bàá Odò Bandama

Nínú ìjọ àwa Yorùbá ní Bouaké, bí ènìyàn bá dìde láti jẹ́rìí, àwọn ará ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ kí ó tó la ẹnu. Ẹni tó ń wá ọmọ ti bímọ. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ há sí ẹnubodè, ẹrù náà ti wọlé. Ẹni tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí àìsàn rẹ̀, òun gan-an ló dìde tó ń jó yìí. A ó pàtẹ́wọ́, a ó ké Halelúyà, ẹlòmíràn yóò bọ́ síwájú. Inú mi máa ń dùn sí ẹ̀rí wọn, mo sì máa ń bá wọn jó tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láìdìde, nítorí ohun tí mo bẹ Ọlọ́run fún, n kò tíì rí i gbà, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí ohun tí kò tíì parí. Síbẹ̀, Ọlọ́run fún mi ní nǹkan. Etí odò ló ti fún mi, ìwọ̀ ẹja ló sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ń dàgbà, mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí ẹnu mi ṣì lè sọ ọ́.

Bouaké ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀jìgbò ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀jìgbò kò ní béèrè ohun tó gbé wọn wá síbí, nítorí agbo ilé tí kò ní ènìyàn ní Côte d'Ivoire ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọmọdé nínú ọjà Ẹ̀jìgbò. Ọkọ̀ ojú irin ni bàbá mi wọ̀ láti Abidjan. Ọ̀nà irin náà ti dé Bouaké láti ọdún 1912, ìlú sì ti di ojúkò òwò kí bàbá mi tó dé. Anago ni wọ́n ń pè wá. Bàbá mi ta abọ́ tánganran, ìyá mi ta aṣọ, èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja yíyan nígbà tí mo délé ọkọ, iṣẹ́ yẹn ni mo sì ń ṣe títí di òní.

Adágún Kossou ni ẹja mi ti ń wá. Adágún yìí kò sí nígbà tí wọ́n bí mi. Odò Bandama ń ṣàn jẹ́jẹ́ tirẹ̀ láti apá Boundiali ní àríwá títí dé etí òkun ní Grand-Lahou, àwọn Baoulé sì ń gbin iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1969, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AVB láti tún gbogbo àfonífojì Bandama ṣe. Wọ́n dí odò náà ní Kossou kí iná mànàmáná lè wà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ilẹ̀ ní 1971. Nǹkan bí ènìyàn 75,000 ni wọ́n kó kúrò ní abúlé wọn. Mo ti bá àwọn ìyá Baoulé ṣòwò tí wọ́n na ọwọ́ sí àárín omi, tí wọ́n sọ fún mi pé ibẹ̀ yẹn ni wọ́n sin bàbá àwọn sí. Wọ́n ti ṣírò pé adágún náà yóò gba ilẹ̀ tó tó 1,700 kìlómítà níbùú lóròó, ṣùgbọ́n òjò kò tó bí wọ́n ṣe rò, omi náà kò kún dé ibi tí wọ́n fojú sí. Àwọn apẹja Bozo láti ilẹ̀ Mali wá tẹ̀dó sí etí rẹ̀, àwọn ọmọ Baoulé náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń da àwọ̀n. Ní apá Béoumi, nǹkan bí 60 kìlómítà sí Bouaké ní ìwọ̀ oòrùn, ni mo ti ń dúró de ọkọ̀ wọn.

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, ọkùnrin sì ni àkọ́bí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ó bá mi lọ gba owó ẹja lọ́wọ́ oníbàárà ní apá gúúsù. Ó ti ń bá mi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó mọ ọ̀nà, ó sì gbọ́ Baoulé ju èmi gan-an lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni ìbọn dún ní Abidjan, ní Korhogo àti ní Bouaké níbí. Kò pẹ́ tí orílẹ̀-èdè fi pín sí méjì: àríwá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, gúúsù ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìjọba, Bouaké wa wá di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọmọ mi wà ní òdìkejì nígbà tí ọ̀nà dí. N kò rí i mọ́. N kò rí ẹni tó rí i, n kò sì rí aṣọ rẹ̀.

Àwọn Anago kó lọ rẹpẹtẹ lásìkò náà. Ọkọ mi kó àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù, ó gba Burkina Faso yí ká lọ sílé. Ó bẹ̀ mí, ẹbí bẹ̀ mí, èmi ní n kò ní lọ. Ọmọ tó sọnù, ilé tó mọ̀ ni yóò wá. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn ńkọ́, tí àlejò bá ṣí i fún un? Mo dúró nínú ilé náà, mo ń ta ìwọ̀nba ẹja tí mo bá rí, mo sì ń sùn ní iyàrá tó kọjú sí títì. Ọkọ mi kú sí Ẹ̀jìgbò. Wọ́n ní orúkọ ọmọ náà ló pè gbẹ̀yìn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2007 wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní Ouagadougou, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù Keje, Ààrẹ Gbagbo àti Soro, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, wá sí pápá ìṣeré wa ní Bouaké, wọ́n dáná sun ohun ìjà níwájú gbogbo ayé. Mo lọ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń jó, èmi ń wo ojú ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá níwájú mi. Ẹ gbọ́ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: àlàáfíà yẹn pa mí lára ju ogun lọ. Nígbà tí ọ̀nà dí, mo ní ìdí tí ọmọ mi kò fi wálé. Sójà ni kò jẹ́ kí ó kọjá, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi ní gbogbo alẹ́. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ tó ń bọ̀, tí ọmọ ọlọ́mọ ń padà, n kò ní ìdí kankan mọ́.

Yorùbá ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe náà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ tù mí nínú. Mo jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín pé ìgbà kan wà tí mo sọ òwe yẹn di àdúrà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí wọ́n bá mi rí òkú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó parí. Mo fẹ́ ibojì tí mo lè mú omijé mi lọ. Ìyá tó bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni mí, mo sì gba irú àdúrà yẹn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá dìde kúrò lórí eékún, ojú ń tì mí, síbẹ̀ n ó tún gbà á lọ́jọ́ kejì.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí bàbá Bozo kan fún mi ní ọ̀pá ìwọ̀.

Bàbá náà máa ń jókòó sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Agbára rẹ̀ kò gbé àwọ̀n mọ́, ojú rẹ̀ kan sì ti fọ́, èkejì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, kòkòrò dúdú kékeré tó ń ta ènìyàn tó sì ń sọ ojú di fífọ́ kún etí gbogbo omi tó ń sáré ní ilẹ̀ yìí. Ọdún 1974 ni orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dara pọ̀ láti gbógun tì í, wọ́n ń fi hẹlikọ́pítà da oògùn sí odò títí di 2002. Iṣẹ́ náà gba ojú ọ̀pọ̀ ọmọdé là, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù fún bàbá. Okùn ìwọ̀ ló wá fi ń wo omi. Yóò gbé okùn lé ìka ìfábẹ̀lá, yóò di ojú tó kù, bí ẹja kékeré bá fẹnu kan ìdẹ, yóò sọ irú ẹja tó jẹ́ fún yín.

Òwúrọ̀ ni, ọkọ̀ pẹ́ lórí omi. Mo ń rìn sókè rìn sódò, bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá sọ fún mi ní èdè Dioula pé, "Tantie Anago, ẹrù rẹ kò tíì dé. Jókòó, gba èyí mú." Ọ̀pá ọparun ni, okùn tín-ín-rín, ìwọ̀ kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé, n kò mọ̀ ọ́n ṣe." Ó ní, "O mọ̀ ọ́n dúró. Mo ti ń wò ọ́." Kò béèrè nǹkan kan nípa mi lọ́jọ́ náà, kò sì béèrè títí tó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣe fún mi, nítorí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ẹja ni mo ń lọ wá. Nínú ọjà, ọwọ́ ń ka owó, ẹnu ń ná ọjà, ọkàn sì ráyè láti máa rìn lọ sí ibi tó bá wù ú. Ọkàn tèmi sì mọ ibì kan ṣoṣo tó ń lọ. Ní ìdí ìwọ̀, ọwọ́, ojú àti etí ni omi ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ yí padà, o ní láti mọ̀. Okùn dẹ̀, o ní láti mọ̀. Ìrònú ọmọ mi kò kúrò, kò kúrò rí, ṣùgbọ́n ó wá ń jókòó tì mí dípò kí ó dì mí lọ́rùn. Ìgbà àkọ́kọ́ láti 2002 nìyẹn tí mo mí dé ìsàlẹ̀ ikùn. Mo rántí pé ó yà mí lẹ́nu pé àyè ṣì wà níbẹ̀.

Àsìkò òjò àkọ́rọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Láti oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ ti ń fẹ́. Adágún á fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ etí rẹ̀ á sán, kùkùté àwọn igi tí omi bò láti ayé 1971 á yọ orí. Omi á mọ́ gaara, ẹja á sì máa sá fún òjìji ènìyàn. Ní oṣù Kẹta, tàbí nígbà tó bá pẹ́, ní oṣù Kẹrin, àrá á sán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ńlá á já bọ́, òórùn ilẹ̀ á kún gbogbo afẹ́fẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà tàbí ní ìdájí, èsúnsún á tú jáde láti inú ọ̀gán, ojú ọ̀run á kún fún wọn. Àwọn ọmọdé á gbé fìtílà àti abọ́ omi síta láti kó wọn, a ó yan wọ́n pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ kò tó, afẹ́fẹ́ á gbé wọn dé orí omi, ìyẹ́ wọn á lẹ̀ mọ́ omi, wọn kò ní lè dìde mọ́. Ìgbà náà ni ẹja á gòkè wá. Ẹ ó rí omi tó ti dákẹ́ láti oṣù bíi mélòó tó ń là níbí, tó ń là lọ́hùn-ún, yíká-yíká, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́.

Bàbá kọ́ mi pé lásìkò yìí, a kì í so òjé mọ́ okùn. Ìwọ̀ kékeré ni a ó lò, a ó gún un gba ẹ̀yìn èsúnsún kan kí ìyẹ́ rẹ̀ lè tẹ́ sórí omi, a ó dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ sí àárín adágún, a ó sì fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. A kì í fà á. Àrọ̀ máa ń gbé ekòló mì, ó sì ń lọ pẹ̀lú agbára, ẹni tó ń sùn gan-an yóò mọ̀. Epìyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń fẹnu mu èsúnsún wọlé ni, omi á là díẹ̀, nǹkan náà kò sí mọ́. Bí o bá yára fà, o ti já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá pẹ́, ó ti tu ìwọ̀ rẹ dànù. Kò sí ìwé tí wọ́n ti lè kọ́ ènìyàn ní ibi tí ó wà láàárín méjèèjì. Bàtà rọ́bà tó ga ni mo máa ń wọ̀, n kì í sì í fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi, nítorí àtọ̀sí ajá wà nínú omi adágún. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi wà ní England. Nígbà tí mo ṣàlàyé èsúnsún fún un lórí fóònù, ó pariwo. Ó ní, "Ìyá, ohun tí àwọn òyìnbó ń ṣe níbí gan-an nìyẹn!" Ẹja kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní trout, inú omi tútù tó ń sáré ló ń gbé. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, àsìkò tiwa yìí náà, kòkòrò abìyẹ́ á máa jáde láti inú odò, trout á sì gòkè láti jẹ wọ́n. Àwọn apẹja ibẹ̀ kì í lo kòkòrò gidi. Ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹran àti òwú ni wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ títí tí yóò fi jọ kòkòrò, okùn tó wúwo ni wọ́n sì fi ń jù ú, nítorí ìyẹ́ kò ní ìwúwo tirẹ̀. Iṣẹ́ àtijọ́ ni: Aelian, òǹkọ̀wé kan ní ayé àwọn ará Róòmù, ti sọ nípa àwọn ará Makedóníà tí wọ́n ń so òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ mọ́ ìwọ̀. Àwọn òyìnbó gbé trout lọ sí àwọn odò orí òkè ní Kenya ní 1905. Omi tiwa gbóná jù fún un.

Ọmọ náà tún sọ fún mi nípa Izaak Walton, tó kọ ìwé lórí ẹja pípa ní 1653. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní England nígbà náà, ọmọ ìlú ti pa ọmọ ìlú, wọ́n ti bẹ́ ọba wọn lórí. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ bí fún un ló ti kú ní kékeré. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo sọ fóònù sílẹ̀, mo sunkún. N kò lè ka ìwé ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wá létí odò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ epìyà, tí gbogbo Côte d'Ivoire ń pè ní carpe, tí wọ́n ń yan lórí iná tí wọ́n fi ń jẹ attiéké. Mo ti ń tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ bó ṣe ń tọ́ ọmọ. Abo rẹ̀ ló ń kó ẹyin rẹ̀ sínú ẹnu. Ẹnu náà ni ẹyin ti ń di ọmọ, ní gbogbo àkókò yẹn ìyá kò ní jẹun. Bí wọ́n bá ti lè wẹ̀, á tú wọn síta létí omi níbi tí kò jìn, á máa rìn yí wọn ká. Bí ewu bá dé, gbogbo wọn á sáré padà sẹ́nu rẹ̀, á pa ẹnu dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo rí ọ̀kan báyìí nítòsí ẹsẹ̀ mi. Èsúnsún ń léfòó kọjá lókè orí rẹ̀, àwọn ẹja yòókù ń jẹ, òun kò jẹ. Mo fi ìwọ̀ mi sílẹ̀ kí ó kọjá níwájú rẹ̀ gan-an, kò wò ó. Bàbá ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ó ní, "Ọmọ wà lẹ́nu rẹ̀."

Mo dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Láti 2002 ni èmi náà ti pa ẹnu mọ́ ọmọ mi. N kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí bí mo bá pè é, ojú àwọn ènìyàn á yí padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ ìtùnú, òwe náà á sì tún jáde. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi, orin kò dùn. Ẹja náà yóò la ẹnu lọ́jọ́ kan nítorí ọmọ inú rẹ̀ ń dàgbà. Tèmi ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà tó lọ. Mo dìde dúró, mo sì pe orúkọ ọmọ mi sókè, orúkọ àbísọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀, mo kì í bí ìyá mi ṣe máa ń kì í nígbà tó bá jí. Ohùn mi la adágún kọjá. Àwọn ọmọ Bozo dúró, wọ́n ń wò mí. Bàbá kò yí orí. Mo pè é títí ohùn mi fi ha, mo sì sunkún tí n kò sun nígbà tí ogun wà àti nígbà tí ogun tán.

Láti ọjọ́ náà, n kò gba àdúrà burúkú yẹn mọ́. Ẹ má ṣe rò pé mo ti gbà pé ó wà láàyè. Ẹ má sì ṣe rò pé mo ti gbà pé ó ti kú. Ohun tí mo rí gbà kò ju èyí lọ: mo lè wà láàyè láìmọ̀. Bí ẹnìkan bá wá sí ìsọ̀ mi lónìí pé òun ní ìròyìn, ẹ̀rù yóò bà mí, mo jẹ́wọ́, ẹsẹ̀ mi yóò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n n kò ní sá. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti sá.

Ohun kan tún wà nípa ẹja yìí. Ibùdó ìwádìí ẹja kan wà ní Bouaké láti ayé àwọn Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin epìyà. Ní 1971, ọdún kan náà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní Kossou, wọ́n kó díẹ̀ lára wọn láti Bouaké lọ sí Brazil, sí ìlú Pentecoste ní ìpínlẹ̀ Ceará. Wọ́n pọ̀ sí i níbẹ̀, wọ́n tàn kálẹ̀, títí di òní ni àwọn onímọ̀ ẹja fi ń pe ìran náà ní ìran Bouaké. Mo máa ń ronú lórí èyí nígbà tí okùn bá dákẹ́. Ọmọ Bouaké ni wọ́n, wọ́n lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n yè. N kò fi ṣe àmì o, n kì í wá àmì. Ó kàn ń tù mí lára láti mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan bá mi wí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní àgbàlagbà obìnrin kì í mú ìwọ̀, ó ní iṣẹ́ ọmọdé ni, pé ẹni tí ẹja kún ìsọ̀ rẹ̀, kí ló ń wá lẹ́nu odò? Ó ní ilé àdúrà ló yẹ kí n ti máa dúró de Ọlọ́run. Mo bọ̀wọ̀ fún un, n kò dá a lóhùn nígbà náà. Ìdáhùn mi wà nínú Lúùkù orí karùn-ún. Pétérù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú, wọn kò rí ẹja kan. Gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí ibẹ̀ ló ń sáré lọ sí ibi tí àwọ̀n ti ń ya. Mo gba àwọ̀n tó ń ya gbọ́. Ṣùgbọ́n òru yẹn gùn, àwọn ọkùnrin náà sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnìkan wàásù fún wa lórí òru yẹn.

Ní 2018, gbogbo Bouaké mọ bí ìdúró ṣe ń rí. Adágún Loka, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú omi ẹ̀rọ ìlú yìí ti ń wá, gbẹ nítorí òjò kò rọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ rántí àwọn kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n tò láti ìdájí, ẹ rántí ọkọ̀ omi tí ìjọba ń rán wá, bí àwọn ènìyàn ṣe ń sáré tẹ̀ lé e. Bàbá Bozo ti kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Mo dúró nínú ìlà bíi ti gbogbo ayé, mo sì rí i pé kò jọ ìdúró tèmi. Gbogbo wa mọ ohun tí a ń retí, a sì mọ̀ pé òjò kì í kọ ilẹ̀ títí láé. Ó rọ̀ nígbà tó yá, a sì gbàgbé. Ìdúró tèmi kò ní ìlà tí ènìyàn lè tò sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ jáde, nítorí mo mọ̀ pé n kò dá wà nínú rẹ̀. Ìyá Baoulé wà ní ìlú yìí, ìyá Sénoufo wà, ìyá Mossi wà, àwa Anago náà wà, tí ẹnìkan jáde nílé wọn láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ojoojúmọ́ ni à ń ra ata lọ́wọ́ ara wa, a kì í sì í bá ara wa sọ ọ́.

Ẹ yin Ọlọ́run fún mi. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbé fìtílà síta. Ní àárọ̀ Sátidé, mo ń wọ ọkọ̀ gbaka tó kọ́kọ́ lọ sí Béoumi. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó wá sí ìsọ̀ mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pá wà, ìwọ̀ wà, èmi ni n ó san owó ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pe orúkọ ẹni yín sókè lórí omi, kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ dákẹ́. Bí ẹ kò bá sì fẹ́, a ó pa ẹja.